Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Ìbẹ́pẹ Hawaii Kọ́ Wa Nípa Ààbò Irúgbìn



Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn onímọ̀ ti ń tún ìran irúgbìn ṣe, kí àrùn tí kòkòrò ń gbé kiri má bàa rí i gbé ṣe, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì rí i pé bí mo bá dúró níhìn-ín tí mo ń to orúkọ èròjà yàrá ìwádìí lé ara wọn bí ẹni ń mọ ìgànná, oorun ni yóò gbé yín lọ kí n tó dé ìdajì. Nítorí náà, ìtàn ni mo mú wá. Ìtàn ìbẹ́pẹ ni, ní ọ̀wọ́ erékùṣù kan tí ó wà láàárín Òkun Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé gbágùúdá ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fi ń pòwe.

Òwe kan sì ni mo fi ṣe òpó tí ọ̀rọ̀ mi fẹ̀yìn tì. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi etí pálábá gbọ́ òwe yìí nítorí pé ó ti mọ́ yín lára. Igi oko ni arọ tí mo ń wí. Ewúrẹ́ lè sá fún ìkookò, adìẹ lè sá fún àṣá, ènìyàn sì lè kó ẹrù rẹ̀ sá fún ogun, ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbin igi sí ni ogun í bá a, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti yè tàbí kí ó kú. Bí arọ yìí yóò bá gbọ́n, ẹlòmíràn ni yóò bá a gbọ́n ọgbọ́n náà, yóò sì ti gbọ́n ọn kí ogun tó wọ̀lú.

Olè àti ẹni tí ń gbé olè kiri

Kí ni ogun náà? Fáírọ́ọ̀sì ni. Kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò ní ẹsẹ̀. Kò sì sí ojú tí ó lè rí i láìjẹ́ pé a gbé ẹ̀rọ tí ó lágbára tì í. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, ẹ rò ó bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a kọ àṣẹ sí lára, tí a sì fi ẹ̀wù bò. Àṣẹ náà kò gùn: "Ẹ ṣe irú mi sí i." Bí ó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ewé, a bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, a ka àṣẹ náà sétí àwọn òṣìṣẹ́ inú ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ aláìmọ̀kan yóò sì pa iṣẹ́ igi tì, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ fáírọ́ọ̀sì tọ̀sán tòru, bí alágbẹ̀dẹ tí a fi ìwé ẹ̀tàn rán níṣẹ́, tí ó ń rọ ọ̀bẹ fún ọlọ́ṣà tí yóò padà wá kó ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì kò ti ní ẹsẹ̀, báwo ni ó ti ń ti oko kan dé òmíràn? Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Lábẹ́ ewé, ní ibi tí oòrùn kò dé, kòkòrò kan wà tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ara rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ṣóṣóró. Bí iná orí ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ni òun ń mu omi ara ewé, nítorí náà iná ewé ni èmi yóò máa pè é títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi tán. Bí iná ewé bá bà lé igi, kì í ki ẹnu bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. A kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí ìyá ọlọ́bẹ̀ ti ń fi orí ìka tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó fi iyọ̀ sí i. Ìtọ́wò náà kì í pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì í gbà wọlé. Bí igi náà kò bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, a fò lọ sórí èyí tí ó kàn, a tún tọ́ ìyẹn náà wò. Ẹ wá rí ìdí rẹ̀ tí oògùn apakòkòrò kò fi ran àgbẹ̀ ìbẹ́pẹ lọ́wọ́: kí oògùn tó pa kòkòrò náà, ó ti fi ẹnu kan igi, ohun tí yóò ṣe sì ti ṣe.

Igi tí ọ̀ràn yìí bá kàn kì í kú lọ́jọ́ kan. Ewé rẹ̀ tí ó yẹ kí ó dúdú minimini yóò máa pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá jà. Àtẹ́lẹwọ́ ewé náà yóò súnkì títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Ìlà tí ó dà bí ojú epo yóò hàn lára ọ̀pá rẹ̀. Èso rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ so, yóò sì gba àmì róbótó-róbótó, bí ẹni pé ẹnì kan fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan nígbà tí ó wà ní rírọ̀. Àmì yìí ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ, tí a fi lè pè é ní àrùn olórùka.

Àwọn tí ó sá, àti ẹni tí kò sá

Hawaii jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́ erékùṣù sì ni. Ní erékùṣù Oahu, níbi tí Honolulu wà, ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ìbẹ́pẹ tẹ́lẹ̀ rí. Láàárín ọdún 1940 sí 1950 ni wọ́n rí àrùn olórùka níbẹ̀, ó sì ba oko wọn jẹ́ débi pé nígbà tí ó di ẹ̀yìn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó irúgbìn wọn, wọ́n sì ti ṣí lọ sí Puna, ní erékùṣù tí ó tóbi jù lọ, lórí ilẹ̀ olókùúta tí òkè oníná yọ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ilẹ̀ náà kò wu ojú, ṣùgbọ́n òjò rẹ̀ kì í dá, omi kì í dúró lórí rẹ̀, àrùn kò sì sí níbẹ̀. Ìbẹ́pẹ fẹ́ràn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé nínú ìbẹ́pẹ 100 tí Hawaii ń kó lọ sọ́jà, nǹkan bí 95 ni ó ń ti Puna wá.

Ènìyàn lè rò pé ìtàn parí síbẹ̀, pé ẹni tí ó sá fún ogun ti mórí bọ́. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti wọ Hilo, ìlú tí kò jìn sí Puna ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Ọ̀gbẹ́ni Dennis Gonsalves, ọmọ bíbí erékùṣù náà, tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín oko ìrèké ní Kohala, tí ó sì di onímọ̀ àrùn igi ní Yunifásítì Cornell ní New York, wo ọgbọ̀n kìlómítà yìí, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe odi. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Oahu ti gbọ́ ìró ogun tẹ́lẹ̀. Láti bí òpin ẹ̀wádún 1970 ni ó ti ń wádìí àrùn náà, ìyẹn nígbà tí oko Puna ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àrùn fún àgbẹ̀ níbẹ̀ ì bá dà bí ẹni tí ń ta agbòjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀nà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tọ̀ ni ọ̀nà àjẹsára. Wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì olórùka kan tí eyín rẹ̀ ti kán, wọ́n fi í kó bá igi ọmọdé, kí igi náà lè ti mọ ojú ọ̀tá kí èyí tí ó burú tó dé. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n èyí tí eyín rẹ̀ kán náà ṣì ń bu igi jẹ díẹ̀díẹ̀, àgbẹ̀ yóò sì máa gún igi kọ̀ọ̀kan lábẹ́rẹ́ bí ẹni ń gún ọmọ abúlé. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1986, ìròyìn kan jáde tí ó yí ọ̀nà wọn padà. Roger Beachy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú St. Louis ti mú ẹyọ kan nínú àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tí ń ṣe tábà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ara tábà fúnra rẹ̀, tábà náà sì ń bá fáírọ́ọ̀sì yìí jà. Kí ọ̀rọ̀ náà yé wa: nínú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí gbogbo ni ìwé kan wà, ìwé ìran, tí òbí fi ń lé ọmọ lọ́wọ́, èyí tí ó ń mú kí ọmọ ìbẹ́pẹ jẹ́ ìbẹ́pẹ tí kì í fi í di ọsàn. Orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Fáírọ́ọ̀sì náà ní ìwé tirẹ̀, ó kéré púpọ̀, ọ̀kan nínú orí rẹ̀ sì ni ó ń sọ bí a ti ń rán ẹ̀wù tí ó ń wọ̀. Orí ẹ̀wù yìí ni Gonsalves, Richard Manshardt ti Yunifásítì Hawaii, Maureen Fitch tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà, àti Jerry Slightom, fẹ́ dà kọ sínú ìwé ìran ìbẹ́pẹ.

Báwo ni a ti ń kọ̀wé sínú ohun tí ojú kò rí? Ìbọn ni wọ́n yìn. N kò ṣe àwàdà. John Sanford, tí òun náà wà ní Cornell, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìbọn kan tí ọta rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun irin tí ó kúnná ju àtíkè lọ; wọ́n a fi jíìnì kun ìyẹ̀fun náà, wọ́n a sì yìn ín lu sẹ́ẹ̀lì igi. Àlùbọ́sà ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀. Ọdẹ tí ó yìn sínú igbó kò mọ ọta tí yóò ba ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí yìn, tí wọ́n yìn, tí wọ́n tọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ó yè dàgbà nínú ìgò títí ó fi di igi, tí wọ́n sì ń fi àrùn dán igi kọ̀ọ̀kan wò. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é lò. Ní ọdún 1991, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n fún ní àmì 55-1, yọ láìní àbàwọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1992 ni wọ́n gbin irú igi yìí sí oko àdánwò ní Oahu, láàárín àrùn gan-an. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n rí àrùn olórùka ní Puna.

Àdá àti ìwé

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síhìn-ín, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Puna lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà tí ó jókòó níwájú mi ti rí irú rẹ̀ rí. Ìjọba Hawaii gbé àdá. Igi tí wọ́n bá fura sí, wọ́n a sàmì sí i, wọ́n a gé e. Ṣùgbọ́n igi tí àrùn ti wọ̀ lè dúró pẹ́ kí àmì tó hàn lára rẹ̀, iná ewé a sì ti tọ́ ọ wò, a ti fò lọ. Nígbà tí ó fi máa di òpin ọdún 1994, ìjọba gbà pé àdá kò lè pa iná náà, wọ́n sì fi iṣẹ́ sàmì-kí-a-gé sílẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí Puna kó jáde ní 1992 tó ìwọ̀n pọ́ùn mílíọ̀nù 53. Ní 1998, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 26.

Ẹ̀yin ọmọ olóko kòkó Ìbàdàn, ǹjẹ́ ìtàn yìí kò jọ ti baba yín? Ní ọdún 1944 ni wọ́n rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú lórí ilẹ̀ wa. Fáírọ́ọ̀sì ni òun náà, kòkòrò tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí a wọ́n ìyẹ̀fun sí lára ni ó sì ń gbé e, tí èèrà ń sìn bí darandaran ti ń sin màlúù. Àwọn aṣojú ìjọba wá pẹ̀lú àdá nígbà náà, wọ́n ń gé igi tí baba gbìn fún ọmọ, igi tí ó ṣì ń so lójú olówó rẹ̀. Ìbínú tí ó tẹ̀ lé e wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Máyégùn ti àwọn àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí ó gé igi wọn kò fi ojú kòkòrò hàn wọ́n, kò sì ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tí yóò fi rọ́pò àdá. Ibi tí ìtàn Puna ti yà kúrò lára tiwa nìyí: ní ọjọ́ tí àdá kùnà níbẹ̀, ìwé ti wà ní kíkọ.

Ní ọdún 1995, wọ́n gbin igi tuntun náà sí Kapoho, ní àárín gbùngbùn ibi tí ogun ti ń jà. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn ju ìwé ọgọ́rùn-ún ojú ewé lọ: ilẹ̀ igun mẹ́rin kan tutù, ó dúdú minimini, gbogbo ohun tí ó yí i ká sì pọ́n, ó ràn, ó ṣá. Láti ara 55-1 ni wọ́n ti mú SunUp jáde, tí inú rẹ̀ pupa. Wọ́n sì fi SunUp gba ìran pẹ̀lú ìbẹ́pẹ Kapoho tí àwọn ará Puna fẹ́ràn, ọmọ tí wọ́n bí ni Rainbow, tí inú rẹ̀ jẹ́ ìyeyè bí ti Kapoho. Lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ní oṣù karùn-ún ọdún 1998 ni wọ́n pín irúgbìn náà fún àwọn àgbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì pín in. Láti ọjọ́ tí àrùn wọ Puna títí di ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà ni. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ tí àrùn wọlé ni Gonsalves ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ta ni ì bá kù ní Puna láti gba irúgbìn? Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Bí olè ti ń mọ ẹsẹ̀ olè

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ẹ̀wù tí igi náà ń rán fúnra rẹ̀ ni ó ń dí fáírọ́ọ̀sì lọ́nà. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi, arọ wa yìí, kò wà láìní ẹ̀ṣọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ọlọ́dẹ kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá rí àṣẹ tí ìrísí rẹ̀ kò tọ́, a gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a mú díẹ̀ nínú àjákù náà dání, bí ọlọ́dẹ òru tí ó fa etí aṣọ olè ya tí ó sì fi í sápò. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ bá bá àjákù inú àpò yẹn mu, olè ni, ọlọ́dẹ kò sì ní bi í léèrè kí ó tó gé e. Orí ẹ̀wù tí wọ́n dà kọ sínú ìwé ìran ìbẹ́pẹ ni ó fi àjákù aṣọ sí ọwọ́ ọlọ́dẹ kí olè tó ti ilé rẹ̀ gbéra. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta: ìwé ọ̀tá gan-an ni a fi mú ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n bí agbára ọgbọ́n yìí ti wà nínú aṣọ, inú aṣọ náà ni àìlera rẹ̀ wà. Bí olè bá wọ aṣọ tí ọnà rẹ̀ yàtọ̀, ọlọ́dẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Rainbow tí ó ń ṣẹ́gun àrùn olórùka Hawaii kò lè dúró níwájú irú àrùn náà tí ó ti Taiwan wá. Nítorí náà ni àwọn ará Ṣáínà fi ṣe ìbẹ́pẹ tiwọn láti ara fáírọ́ọ̀sì ilẹ̀ tiwọn, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2006. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin. Ẹni tí ó bá rò pé a óò máa jókòó de irúgbìn tí àlejò yóò gbé wá láti òkè òkun ti ṣìnà. Ọlọ́dẹ tí ó mọ olè Hawaii kò mọ olè Ọ̀yọ́.

Ohùn àwọn tí kò fara mọ́ ọn

Èmi kì í ṣe alágbàwí tí ń fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ kejì pamọ́. Ìrìn ìbẹ́pẹ yìí kò dán geere. Ilẹ̀ Jàpáánù, tí ó jẹ́ ọjà ńlá fún Puna, kò gbà á wọlé títí di òpin ọdún 2011, àgbẹ̀ tí ó bá sì fẹ́ tà fún wọn ní láti máa gbin Kapoho àtijọ́. Ní ìgbà mélòó kan lẹ́yìn ọdún 2010, àwọn tí a kò mọ̀ wọ oko Puna lóru, wọ́n sì fi àdá gé ìbẹ́pẹ ẹni ẹlẹ́ni lulẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rù oúnjẹ tí ọwọ́ ènìyàn wọ inú ìwé ìran rẹ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé ẹni tí ó ni jíìnì ni yóò ni àgbẹ̀.

Ìbẹ̀rù kejì yìí tọ́ kí a gbé yẹ̀ wò ju èkíní lọ. Ní ti èkíní, ẹni tí ó ti jẹ ìbẹ́pẹ alárùn rí, tí ó sì dájú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ ẹ́, ti gbé fáírọ́ọ̀sì olórùka mì pẹ̀lú ẹ̀wù àti okùn rẹ̀, ní iye tí ó pọ̀ fíìfíì ju èyí tí igi Rainbow lè rán lọ. Ní ti èkejì, ẹ rántí pé ilé ìwé gíga àti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà, àwọn ni ó bá àwọn oní-nǹkan dúnàádúrà ẹ̀tọ́ tí irúgbìn náà fi bọ́ sí ọwọ́ àgbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé olówó kan ló dá a ṣe, kí ó sì máa ta á bí ó ti wù ú, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ lónìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọwọ́ onímọ̀ kò dé oko, ọwọ́ àgbẹ̀ kò dé inú sẹ́ẹ̀lì. Ohun kan sì wà tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: nígbà tí Rainbow pọ̀ ní Puna, ibùgbé àrùn dín kù, Kapoho àtijọ́ tí a kò fi ọwọ́ kàn sì tún rí ilẹ̀ dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbágùúdá wa

Mo wá padà délé. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ń kórè gbágùúdá tó Nàìjíríà lágbàáyé. Yálà ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń pè é tàbí pákí, òun ni gàrí, òun ni láfún, òun ni fùfú, òun ni owó ilé ìwé ọmọ. Bí ẹ bá wọ oko rẹ̀ ní ìdájí, tí ẹ fi ọwọ́ gbọn orí igi kan pẹ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn kòkòrò funfun tí wọn yóò fò sókè fùrù bí ìyẹ̀fun láfún tí atẹ́gùn fẹ́ kúrò lórí àpáta. Eṣinṣin funfun ni. Bí ìkòríta ewé náà bá lọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ di àdàlù ewéko àti ìyeyè bí aṣọ tí aró kò mú dọ́gba, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì tí eṣinṣin yìí gbé wá ni ẹ ń wò.

Ogun yìí, a ti bá a jà rí, a sì jà á dáadáa. Láti ẹ̀wádún 1930 ni àwọn onímọ̀ ní Amani, ní ilẹ̀ Tanganyika, ti fi ẹ̀gẹ́ gba ìran pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ tí ó jẹ́ igi rọ́bà. Èso ìgbéyàwó náà dé oko ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà tí ó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti mú u, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bí ẹ̀gẹ́ TMS 30572 àti àwọn àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wú àwọn ará Ìkirè lórí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í jẹ Ṣèríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Lára ẹ̀gẹ́ àbáláyé àwọn baba wa pàápàá ni wọ́n tún ti rí ààbò mìíràn; ọ̀kan nínú irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ Ọkọ Ìyàwó, orúkọ Yorùbá yìí sì ti di ohun tí wọ́n ń pè ní yàrá ìwádìí òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ogun mìíràn ń bọ̀. Láti 1936 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní Tanganyika. Eṣinṣin funfun kan náà ni ó ń gbé e, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ewé lè dára lójú, igi lè dúró ṣinṣin, kí àgbẹ̀ hú ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ ìkórè, kí ó fi ọ̀bẹ là á, kí ó sì bá inú rẹ̀ ní jíjẹrà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó gan bí èèpo igi, kò ṣe é gbo, kò ṣe é rọ́. Lẹ́yìn ọdún 2004 ó bú jáde ní Uganda. Ó ti dé Kóńgò. A kò tíì gbọ́ pé ó wọ Nàìjíríà. Bí Hilo ti rí sí Puna ni Kóńgò rí sí wa, eṣinṣin kò sì níláti fò gbogbo ọ̀nà náà, nítorí pé oore ni àrùn yìí fi ń rìn jìnnà: ẹnì kan gé igi ẹ̀gẹ́ tí ó dára lójú, ó dì í ní ìdì, ó fi ta ìbátan rẹ̀ lọ́rẹ ní òdìkejì ẹnubodè.

Ní ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọlọ́dẹ inú ẹ̀gẹ́ ní àjákù aṣọ olè yìí. Àwọn onímọ̀ Uganda, Kẹ́ńyà àti St. Louis ni ó jùmọ̀ ṣe é, àjọ ìjọba Kẹ́ńyà tí ó wà fún ọ̀rọ̀ náà sì fọwọ́ sí ìtúsílẹ̀ rẹ̀ ní 2021. Ẹ̀kọ́ kan tí ó yẹ kí ó rẹ̀ wá sílẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n tọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ tí ó ní ààbò àbáláyé dàgbà nínú ìgò títí ó fi di igi padà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ààbò tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ sí àrùn àkọ́kọ́ ti sọnù. Wọ́n di ẹ̀yìnkùlé, ojúlé ṣí. Èyí kò ní kí a sá fún iṣẹ́ náà. Ó ń sọ fún wa pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́, àti pé ẹni tí yóò bá fọwọ́ kan ìwé ìran ní láti tún gbogbo ìwé náà kà lẹ́yìn tí ó bá kọ̀wé tán.

Kí ni mo ń bẹ̀ yín fún? N kò ní kí ẹ fẹ́ràn ìbọn Sanford. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni ọdún tí ó ṣáájú, irú ọdún tí Gonsalves ní nígbà tí oko Puna ṣì tutù. Kí àwọn tí ó di àpò ìjọba mú fi owó sí yàrá ìwádìí tí yóò mọ ojú fáírọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa nísinsìnyí tí ebi kò tíì dé, nítorí pé àìtètè mú olè, olè ní í mú olóko. Kí àwọn onímọ̀ jáde ní ọ́fíìsì, kí wọ́n fi ojú kòkòrò han àgbẹ̀ kí wọ́n tó fi ojú àdá hàn án, kí ti kòkó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe gbin igi ẹ̀gẹ́ tí ó ti ẹnubodè wá láìjẹ́ pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó ti wù kí ẹni tí ó fi ta yín lọ́rẹ ṣe fẹ́ràn yín tó.

Ẹ̀gẹ́ kò lè gbéra nílẹ̀. Ibi tí a gbìn ín sí ní Ìkirè, ní Ìlaròó, ní Ṣakí, ibẹ̀ ni yóò dúró sí de ohunkóhun tí ó bá ń bọ̀, kò sì gbọ́ ohun tí mo sọ lónìí. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́ ọ.